Ohun Tí Baba Ọdẹ́lànà Fi Sẹ́rẹ̀kẹ́

Òjò yìí kò ní dá bọ̀rọ̀. Ẹ kó ìbọn yín wọ abẹ́ àtíbàbà kí ẹ̀tù má baà rẹ, ẹ wá ibi jókòó sí, kí ẹni tó lóbì lọ́wọ́ má ṣe bí ẹni tí kò ní. Láti àárọ̀ lẹ ti ń dà mí láàmú pé kí n sọ̀tàn, n óò sì sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti èmi Ọdẹ́kanmí, tí mo fi ọwọ́ òsì yìnbọn pa ẹfọ̀n mẹ́ta lọ́jọ́ kan, tí mo bá iwin jìjàkadì nínú ẹrẹ̀ títí iwin fi ní kí n jọ̀ọ́ tú òun sílẹ̀. Ẹ ti gbọ́ ìyẹn. Ti ẹ̀gbọ́n mi Ọdẹ́lànà ni tòní, ọkùnrin tó kọ́ mi níṣẹ́ ọdẹ nígbà tí mo ti níyàwó méjì, tó sì dé ibi tí èmi, pẹ̀lú gbogbo ìwà akin mi, kò dé. Ẹ má bínú pé mò ń pe àgbà ní "ó". Nínú ìtàn, a kì í dọ̀bálẹ̀.

Òun náà ló fún mi ní àgúnmu oró ejò tí gbogbo ayé fi mọ̀ mí. Àgúnmu yẹn kò yẹ̀ rí, àfi lára ẹni tó bá jẹ èèwọ̀ rẹ̀. Òjélàdé ń wò mí. Bẹ́ẹ̀ ni, Òjélàdé, mo rántí àbúrò rẹ Akínlàbí, mo sì rántí ilá tó jẹ. N óò padà sórí ìyẹn. Jẹ́ kí n sọ̀tàn mi ná.

Ìyàwó Ọdẹ́lànà ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Obìnrin náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, ó ti parí nìyẹn. Lọ́jọ́ kan tó ń wẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan kókó kan lọ́mú òsì, kò ju hóró egúsí lọ. Kò dùn ún. Ohun tí kò bá sì dunni, ta ní ń bá a jà? Nígbà tí yóò fi fẹnu bà á fún ọkọ rẹ̀, ó ti tó ẹyin àparò, awọ ibẹ̀ sì ti rí bí èèpo ọsàn. Ọdẹ́lànà fi ọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan, ó mọ̀ ọ́n. Jẹjẹrẹ ni. Ẹ̀rù bà á ju bó ṣe bà á rí nínú igbó kankan lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbẹ́kẹ̀ lé fún yín. Baba rẹ̀, Ọdẹ́wùmí olóògbé, ní àgbo kan fún jẹjẹrẹ. Kò sẹ́ni tí kò mọ Fádékẹ́ aláró, tó mu àgbo náà tí kókó ọmú rẹ̀ sì rọ̀. Ewé mẹ́ta ló wọ inú rẹ̀. Baba sọ méjì fún ọmọ, ó fi ìkẹta pamọ́, nítorí àṣà wa nìyẹn, gbogbo wa tó wà níbí là ń ṣe é: ẹni tó bá tú gbogbo inú àpò rẹ̀ sílẹ̀, kí ni wọn yóò máa bọ̀wọ̀ fún un lé lórí? Ó ní ó di ọjọ́ ikú òun. Ọjọ́ náà dé, baba la ẹnu, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń mì, kò rí i sọ. Wọ́n sin ín síwájú ilé.

Ọdẹ́lànà se ewé méjì tó mọ̀ fún Àwẹ̀ró fún odindi oṣù kan. Kókó náà mu ún bí ẹni mu omi ọbẹ̀, ó ń tóbi sí i.

"Bàbá Ọdẹ́tólú," ni Àwẹ̀ró fi orúkọ ọmọ wọn pe ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, "nọ́ọ̀sì tó wá bẹ̀ wá wò lọ́jà ní kí n wá sí ilé ìwòsàn ńlá. Ó ní wọn yóò gé e."

"Gé kí ni? Ewé kan ṣoṣo ló kù."

"Èyí tó wà lẹ́nu òkú?"

"N óò lọ gbà á lẹ́nu rẹ̀."

Àwẹ̀ró wo ọkọ rẹ̀ títí. "Mo fún yín ní ọjọ́ mẹ́rìnlá. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún bá mọ́ tí ẹ ò dé, n óò gbé àpò mi lọ bá nọ́ọ̀sì. Kókó yìí ò mọ̀ pé ẹ rìnrìn-àjò."

Àwọn àgbà ọdẹ ti máa ń sọ pé ẹni tó bá kú tòun ti oògùn lẹ́nu kì í dé ọ̀run tààrà. Ó máa ń dúró ní ìlú kan lẹ́yìn Igbó Àìdákẹ́. Ibẹ̀ ni Ọdẹ́lànà kọjú sí. N kò ní fi ọ̀rọ̀ ọ̀nà gba àkókò yín. Ó rìn, ó rìn, igbó dé.

Igi igbó náà kì í dákẹ́. Bí ìrókò bá ń ṣépè, àràbà yóò máa ka orúkọ àwọn tó ti ṣìnà síbẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀dá kan jókòó lórí kùkùté, ojú rẹ̀ méjèèjì wà lórí orúnkún. Kùkùté bí igba ló yí i ká. Ó ní èèyàn ni gbogbo wọn tẹ́lẹ̀, àlọ́ òun ni wọn kò mọ̀. Ọdẹ́lànà fa ìbọn yọ. Ìbọn ké ṣàà, ògì funfun ló ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀dá náà bu díẹ̀ tọ́ wò, ó ní kò kan tó.

"Gbọ́ àlọ́ mi," ni ó wí. "Inú ilé ni wọ́n bí mi sí, n kì í ṣe àlejò. Mò ń jẹ onílé, onílé sì ń fún mi lóńjẹ. Wọ́n ní ó tó, n kò gbọ́. Ọjọ́ tí mo bá pa onílé, ọjọ́ náà lèmi náà kú. Ta ni mí?"

Ọdẹ́lànà ronú kan ìkà, kì í ṣe ìkà. Ó ronú kan ọmọ burúkú, kò jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń le bí igi láti àtẹ́lẹsẹ̀ nígbà tó rántí pé kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Omi bọ́ lójú rẹ̀ kó tó dáhùn.

"Jẹjẹrẹ ni ọ́. Ara tó gbàgbé pé òun ti tó."

"O mọ orúkọ," ni ẹ̀dá náà wí. "Ẹni tó mọ orúkọ olè kò tíì mú olè. Kọjá."

Ọjọ́ mẹ́rin ti lọ nínú mẹ́rìnlá. Ebi ń pa Ọdẹ́lànà dé ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Adàgbàmáṣíwọ́. Níbẹ̀, ohun tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà kì í dúró. Iṣu gun òkè ilé. Wọ́n ń fi àdá gé etí ara wọn láràárọ̀ bí ẹni gé ewé. Ọba wọn kò tíì jáde fún ogún ọdún nítorí pé èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gba ẹnu ọ̀nà kọjá lọ sígboro, àwọn ọmọ ń fi ibẹ̀ ṣe àga. Wọ́n kìlọ̀ fún àlejò pé kó má jẹun. Ọdẹ́lànà bu iṣu kan péré sẹ́nu. Kó tó gbé e mì, àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti tó ọmọ odó. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó ti tó ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ń fi igi ẹlẹ́ka méjì gbé e rìn.

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ máa rẹ́rìn-ín. Bó bá jẹ́ èmi ni, ǹ bá fi àtàǹpàkò náà pa ẹfọ̀n kẹrin.

Wọ́n mú un lọ bá arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Òṣùwọ̀n. Ìkòkò omi dúdú kan wà níwájú rẹ̀, ìyẹ́ adìẹ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ewé kan ni wọ́n ti sè di omi yẹn láti ayé ìyá ìyá rẹ̀.

"Ìyá, ẹ gbà mí," ni Ọdẹ́lànà wí. "Ẹ da gbogbo ìkòkò lé e lórí."

Ìyá Òṣùwọ̀n nawọ́ sí pápá kan lẹ́yìn ilé, gbalasa, kò sí koríko, kò sí èèrà. "Ọkùnrin oníkánjú bíi tìrẹ ló da igbá kan péré síbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. O rí i bó ṣe rí." Ó ti ìyẹ́ bọ omi, ó jẹ́ kí ó kán síbi àtàǹpàkò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì bo ìkòkò.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Ọdẹ́lànà fi ń bì. Àtàǹpàkò rọ̀, ó padà sí bó ṣe yẹ kó rí. Ṣùgbọ́n nígbà tó fọwọ́ pa orí, irun bá ọwọ́ rẹ̀ wá. Irun orí, irùngbọ̀n, irun ojú, gbogbo rẹ̀ re. Ó figbe ta.

"Kí ló dé tí o ń ké?" ni arúgbó náà bi í. "Omi yìí kò mọ àtàǹpàkò, kò mọ irun. Ohunkóhun tó bá ń yára dàgbà ló ń lé. Ikú tó fẹ́ pani tó bá ṣíni ní fìlà, ọpẹ́ là ń dá."

"Ẹ bù díẹ̀ fún mi, ìyá, kí n mú un lọ fún ìyàwó mi. Ọmú rẹ̀ ni."

Ìyá Òṣùwọ̀n mi orí. "Ìwọ̀n àtàǹpàkò kì í ṣe ìwọ̀n ọmú. Àtàǹpàkò ni èmi ti wọ̀n láti ọdún yìí wá. N kò wọn ọmú rí, n kò sì ní purọ́ fún ọ. Baba rẹ gba ibí kọjá, ó mú òórùn ewé yìí dání lẹ́nu. Lọ bi í bó bá wọ̀n ọ́n."

Ọ̀rọ̀ yìí bí Ọdẹ́lànà nínú. Ó ní ìkòkò kún, ìyàwó òun ń kú, arúgbó kan jókòó ti ìyẹ́ adìẹ. Ó sì dá ọ̀nà tẹ̀ síwájú pẹ̀lú orí tó ń dán.

Ìlú tó kàn ni ìlú tó ń wá. Ìlú Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń pè é. Gbogbo ará ibẹ̀ ló ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ wíwú, ọ̀kan tàbí méjèèjì, ọdẹ, oníṣègùn, agbẹ̀bí, alágbẹ̀dẹ. Ohun tí kálukú fi pamọ́ nígbà ayé ló wà níbẹ̀. Wọn kò lè jẹun. Ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ ni wọ́n fi ń fa ògì mu. Wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Níbẹ̀, àìsọ̀rọ̀ ló mú un bá a.

Agbẹ̀bí kan tí wíwú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fò tán ló pàdé rẹ̀ lẹ́nu bodè. "Baba rẹ wà lábẹ́ igi ọsàn yẹn," ni ó wí. "Kò lè fún ọ ní tirẹ̀ àfi tí o bá kọ́kọ́ pọ tìrẹ lójú gbogbo ènìyàn. Òfin ibí nìyẹn."

Nígbà tí Ọdẹ́lànà rí baba rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, àánú rẹ̀ sì ṣe é. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún Ọdẹ́wùmí ti wú bo etí. Baba kò lè ṣe ju kó na ọwọ́ lọ.

"Èmi náà fi ewé kan pamọ́ nínú àgúnmu oró ejò," ni Ọdẹ́lànà kígbe. "Ewé asùnwọ̀n ni. Mo ti sọ ọ́!"

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ baba kò mì. Àwọn ará ìlú ń wò ó.

"Kì í ṣe ìyẹn nìkan ló wà níbẹ̀," ni agbẹ̀bí náà wí. "Ewé kì í wúwo tó báyìí, ọmọ mi. Ọjọ́ tí àgúnmu rẹ kò jẹ́ ńkọ́?"

Ọdẹ́lànà kọ́kọ́ jiyàn. Ó ní ó jẹ́ lára ọ̀pọ̀ èèyàn. Wọ́n ní àwọn gbọ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Ẹni mẹ́ta. Lójú òkú kọ̀ọ̀kan, ó ti sọ fún àwọn ẹbí pé aláìsàn náà jẹ èèwọ̀ àgúnmu. Kò sẹ́ni tó jẹ ohunkóhun. Kò mọ ìdí tí wọ́n fi kú. Ìtìjú kò jẹ́ kó sọ pé òun kò mọ̀.

Ìgbà náà ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ọdẹ́wùmí bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Ewé kan bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ pẹ̀lú òdòdó olójú márùn-ún, pupa fẹ́ẹ́rẹ́.

"Òdòdó ojú oórì mi nìyí," ni baba wí. "Èmi ni mo gbìn ín síwájú ilé kí n má baà rìn jìnnà. Àwẹ̀ró ló máa ń fi ọkọ́ ro ó dànù."

Ọdẹ́lànà kó ewé náà mọ́ àyà. "Baba, ẹ ṣé! Ó ti parí."

"Kò tíì parí. Wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi."

Ó ṣì wú. Ewé ti bọ́, síbẹ̀ ó ṣì wú.

"Ewé kọ́ ló wúwo lẹ́nu mi, Ọdẹ́lànà. Òkú ni. Obìnrin mẹ́ta ni mo fún ní àgbo yẹn. Fádékẹ́ rí ìtura, ó lo ọdún mẹ́ta sí i. Ọyáfúnkẹ́ kú lọ́jọ́ kẹta. Tinúadé kú lọ́jọ́ karùn-ún."

"Tinúadé àbúrò yín? Ẹ ní ibà ló pa wọ́n."

"Mo ní ibà ni. Ti Ọyáfúnkẹ́, mo ní ó jẹ èèwọ̀. Ìkúnwọ́ kan náà ni mo bù fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tó bá kókó jà wà nínú ewé náà, ohun tó ń dá ọkàn dúró wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n jọ ń gbé inú ilé kan ni. N kò mọ bí a ṣe ń lé ọ̀kan jáde kí èkejì kù. Ọjọ́ ikú mi, mo la ẹnu kí n sọ ewé fún ọ, orúkọ Tinúadé ló ń bọ̀ lẹ́nu mi. Ni mo bá pa ẹnu dé."

Baba sunkún, ọmọ sunkún. Nígbà tí wọn yóò fi dákẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ọdẹ́wùmí ti fò, ó ti dìde, ó sì ti ń lọ sí ọ̀run tó ti ń retí rẹ̀.

Ọjọ́ kẹtàlá ni Ọdẹ́lànà wọlé. Àwẹ̀ró rí ọkùnrin kan tí kò ní irun lójú, tí kò ní irun lórí, ó mú igi kó tó mọ̀ pé ọkọ òun ni. Wọ́n jókòó síwájú ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ oórì. Òdòdó olójú márùn-ún ń mì níbẹ̀, ewúrẹ́ ń jẹ koríko yí i ká, kò fẹnu kàn án.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí. Ọkùnrin náà fẹ́ purọ́. Ó sọ ọ́ fún mi fúnra rẹ̀. Ó fẹ́ sọ pé òun ti rí ewé, kó sè é, kó gbé e fún un, kó sì máa gbàdúrà pé kó jẹ́ Fádékẹ́, kó má jẹ́ Tinúadé. Ẹnu rẹ̀ ti là. Ó wá rí i pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun fẹ́ máa wúwo. Ó sọ gbogbo rẹ̀.

Àwẹ̀ró ka àwọn obìnrin náà lórí ìka. "Ẹnì kan nínú mẹ́ta," ni ó wí. "Ọdún mẹ́ta péré ni ẹni ọ̀hún náà sì lò."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ hú u tòun ti gbòǹgbò. Ẹ jẹ́ ká lọ bá nọ́ọ̀sì."

Ní ilé ìwòsàn, dókítà obìnrin kan yẹ Àwẹ̀ró wò, ó ní ó pẹ́, ṣùgbọ́n kò tíì pẹ́ jù. Wọn yóò gé ọmú náà, wọn yóò sì máa fa oògùn sí i lára fún oṣù mẹ́fà. Ọdẹ́lànà wá gbé òdòdó náà sórí tábìlì, erùpẹ̀ oórì baba rẹ̀ ṣì wà ní gbòǹgbò rẹ̀. Ó ní èyí ni, ẹni mẹ́ta mu ún, méjì kú, ó sì dárúkọ wọn.

Dókítà gbé bírò sílẹ̀. "Baba, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbé ewé wá síbí. Ẹni tó yè nìkan ni wọ́n máa ń ròyìn fún wa. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gbé òkú wá."

"Ṣé ó wúlò?"

"Ó wúlò ju ewé lọ. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló ń gbé inú ewé kan. A ní láti yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ká dán wọn wò lára eku kó tó kan èèyàn, ká mọ èyí tó ń pa kókó àti èyí tó ń pa oníkókó. Ó lè gba ogún ọdún. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni kì í já sí nǹkan kan."

"Àwẹ̀ró kò ní ogún ọdún."

"Ìdí nìyẹn tí a óò fi lo èyí tí wọ́n ti wọ̀n. Ọ̀kan nínú oògùn tí a óò fà sí i lára, inú irú òdòdó yìí ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí ìpilẹ̀ rẹ̀. Yóò máa bì. Irun rẹ̀ yóò sì re."

Ọdẹ́lànà fọwọ́ pa orí ara rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín nínú yàrá dókítà, ó tún ń sunkún lọ́wọ́ kan náà. Ó ní ẹ jọ̀wọ́, ta ló mú ìyẹ́ adìẹ dání níbí? Wọ́n rò pé orí rẹ̀ ti dàrú.

Wọ́n gé ọmú òsì Àwẹ̀ró. Irun rẹ̀ re. Ó ní kí ọkọ òun wá jókòó ti òun kí àwọn jọ jẹ́ ìbejì olórí kodoro. Nígbà tí àwọn obìnrin àdúgbò ń káàánú rẹ̀ nítorí ọmú, ó ní fìlà ni ikú mú, orí ṣì wà níbẹ̀. Ọdún kọkànlá rèé. Ẹ̀yin náà rí i lánàá, ó ń bá oníkẹ̀kẹ́ jà.

Ẹ̀gbọ́n mi Ọdẹ́lànà kú lọ́dún méjì sẹ́yìn. Kó tó kú, ó pè mí, ó sọ ewé àgúnmu oró ejò fún mi láìku ọ̀kan, ó sì sọ orúkọ àwọn mẹ́ta tó kú lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bi mí pé èmi ńkọ́. Mo ní kò sí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pẹlẹbẹ nígbà tí a tẹ́ ẹ.

Láti ọjọ́ náà ni n kò ti jẹun dáadáa. Ẹ rò pé eyín ni.

Òjélàdé, sún mọ́ mi. Ilá kọ́.

Ilá kọ́ ló pa Akínlàbí. Mo fún un ní àgúnmu, kò sì jẹ́. N kò mọ ìdí. Mo jáde sí yín ní gbàgede, mo ń wá ohun tí n óò wí, mo rí ìkòkò ilá lórí ààrò.

Òjélàdé dìde, ó dé fìlà rẹ̀.

"Baba, ìyá mi ló se ilá yẹn," ni ó wí. "Láti ọdún mẹ́sàn-án, wọn kò fojú kan ilá mọ́. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn ló pa ọmọ àwọn." Ó na ọ̀pá mi sí mi. "Ẹ dìde. Ẹ lọ sọ ọ́ fún wọn fúnra yín."

"Òjò ń rọ̀, Òjélàdé."

"Mo rí i, Baba."

Ẹ bá mi di ìbọn mi mú. Mò ń lọ.